Níbí Ni Iná Kú

Èmi ni mo ń fa ẹwìrì dùùrù fún un
nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá,
tọ́rọ́ kan lọ́sẹ̀.
Ẹ̀yìn ògiri ni mo máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń rí mi,
ṣùgbọ́n bí mo bá tòògbé, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ́.

Ó sọ fún mi pé ìyá-ìyá òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà,
arúgbó kan ní Òkèlísà
tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹsẹ̀ adìẹ.
Wọ́n ń kọrin pé ilé wa ń bẹ lọ́run;
ohùn tí òyìnbó fún orin náà já sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó já,
ó di pé ilé wa ń bẹ lọ́rùn.
Màmá fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀.
"Jeremáyà, ta ló gbé ilé kà mí lọ́rùn?
Igi ìdáná àná ṣì ń dùn mí."
Ọmọ ọdún méjìlá rẹ́rìn-ín títí.
Lálẹ́, kò rí oorun sùn.

Owó kòkó ló gbé Jeremáyà Akíntìmẹ́hìn wọ ọkọ̀ ojú omi.
Ọdún márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù,
nínú yàrá tí ẹ ó fi ṣílè bọ́ gáàsì kó tó móoru,
ó kọ́ bí ogójì ohùn ṣe ń gbé ojú ìwé kan
láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.
Wọ́n ní kó dúró. Ó ní òun jẹ màmá òun ní èsì.
Kó tó dé, màmá ti lọ wo ilé náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán, ó ń kọ́ àwọn tíṣà ní do-re-mi;
òru, pẹ́ńsùlù, àtùpà, ẹ̀pà sísun nínú abọ́.
Kò ní fi àmì orin kan sórí ọ̀rọ̀
àfi tó bá pè é sókè lẹ́ẹ̀meje
bí ẹni ń pe ọmọ láti òdìkejì odò.

Símfónì kan ṣoṣo ló kọ.
Ogójì olórin ló ń bèèrè.
Oǹdó ní mẹ́sàn-án,
ọ̀kan nínú wọn láti Àkúrẹ́, bó bá rówó ọkọ̀.
Fèrè olóhùn imú tó fẹ́, kò sí i níbì kankan,
ó bá fún Sẹ́hìnwá télọ̀ ní ìpín náà pé kó máa súfèé.
Sẹ́hìnwá kò lè ka àmì orin.
Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ sórí lẹ́yìn ẹ̀rọ,
láàárín yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé.
Àwọn ará àdúgbò ní ìwé ti pọ̀ jù lórí Akíntìmẹ́hìn.

Oṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ ń tú okùn fayolíìnì.
A dé ìpín kẹta, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó wúkọ́, ó kọ̀.
Fayolíìnì dákẹ́. Báàsì dákẹ́.
Èmi náà gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù.
Súfèé nìkan ló ń lọ,
torí kò ní bébà tí òkùnkùn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó dé ibi tó yẹ kí gbogbo wa wọlé,
ó dúró dè wá,
a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ka iye rẹ̀ bí ẹni ń wa ẹ̀rọ,
ó tún ń bá tirẹ̀ lọ.
Ọ̀gá kò sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀.
Mo mọ̀, torí mo gbọ́ èémí rẹ̀ lókè orí mi.

Ọdún tó kọjá la sin ín.
Mo ṣí àpótí rẹ̀: ikán ti jẹ ìpín kejì tán.
Ìpín kẹta wà, ó fi ìrésà pa gbogbo ohùn wa rẹ́
títí bébà fi fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.
Súfèé nìkan ló kù. Létí rẹ̀, ó kọ ọ́ pé:
*Níbí ni iná kú. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.*

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Sẹ́hìnwá ló wà nídìí ẹ̀rọ.
Mo bi í bóyá ó gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀.
Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
"Ibi tí wọ́n ti máa ń dúró yẹn ńkọ́?" ló wí.
"Ṣé kí n dúró níbẹ̀?"